Ìwòsàn Sìgá: Kí Ni A Ń Fi Owó Wa Rà?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan, ọ̀rọ̀ owó ni pẹ̀lú. Ní Ìpògún níbi tí mo ń gbé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn ń bi mí láti bí oṣù mélòó kan. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ onísòwò kòkó, òmíràn jẹ́ awakọ̀ tí ń ná ọ̀nà Akúrẹ́ sí Oǹdó. Àwọn méjèèjì ń mu sìgá, àwọn méjèèjì sì fẹ́ jáwọ́. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn ìwòsàn kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní hypnotherapy. A ó fi ọ̀rọ̀ ẹnu tu aláìsàn lára títí ọkàn rẹ̀ yóò fi pa rọ́rọ́, a ó sì wá máa sọ fún un pé sìgá kò ní í wù ú mọ́. Ẹni tí ó ń polówó rẹ̀ fún wọn sọ pé ìjókòó kan ṣoṣo ti tó. Owó tí ó ń béèrè pọ̀ débi pé awakọ̀ náà ń gbèrò láti yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ó ní, “Ààfáà, ṣé kí n lọ san án?”

Ìdáhùn mi ni pé kí ó má tíì san án. Kì í ṣe pé mo rò pé ẹlẹ́tàn ni gbogbo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé nínú gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn fi lè jáwọ́ nínú sìgá, ọ̀nà yìí wà lára àwọn tí owó wọn ga, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí ẹ̀rí wọn kéré. Àwọn ọ̀nà tí ẹ̀rí wọn dájú jù wà, òmíràn nínú wọn kò sì tó owó ẹran ilé ọjọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí ọjà yìí fi ń tà. Ní ọdún 2015 ni Ìjọba Àpapọ̀ ṣe òfin lórí tábà, Ààrẹ Goodluck Jonathan ni ó sì fọwọ́ sí i. Òfin náà kọ̀ kí a ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ó kọ̀ kí a máa tú páálí ta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di òní ẹyọ-ẹyọ náà ni a ń rí lórí àtẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ọdún 2019 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fọwọ́ sí ìlànà tí a ó fi mú òfin náà ṣẹ. Lẹ́yìn èyí ni owó-orí gòkè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, náírà 4 àti kọ́bọ̀ 20 ni ìjọba bù lé ẹyọ sìgá kan. Ní 2023 ó di náírà 4 àti kọ́bọ̀ 70. Ní 2024 ó di náírà 5 àti kọ́bọ̀ 20, yàtọ̀ sí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà náà tí a tún ń gbà. Owó sìgá ń ga, owó oúnjẹ pẹ̀lú ń ga, amusìgá sì ń wá ibi tí yóò sá gbà.

Nígbà tí a ṣe ìwádìí lórí àwọn tí ń lo tábà ní Nàìjíríà ní ọdún 2012, àgbàlagbà bíi mílíọ̀nù 4 àti ààbọ̀ ni wọ́n. Nínú amusìgá mẹ́ta, bíi méjì sọ pé ó wà ní ọkàn àwọn láti jáwọ́. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń wá ohun kan náà lójú méjèèjì, ẹni tí yóò tà á fún wọn kò ní í pẹ́ dé, ẹni tí yóò sì ta ayédèrú rẹ̀ kò ní í pẹ́ tẹ̀lé e.

Wàyí o, kí ni ìwòsàn yìí gan-an? N ó máa pè é ní ìwòsàn afọ̀rọ̀tunilára. Oníwòsàn yóò ní kí o jókòó tàbí kí o fẹ̀yìn lélẹ̀ níbi tí ó tù ọ́ lára. Yóò ní kí o di ojú, kí o máa mí kanlẹ̀, kí o sì kó ọkàn rẹ jọ sí ojú kan. Bí ara rẹ bá ti rọ̀, tí o dà bí ẹni tí oorun ń gbé lọ ṣùgbọ́n tí etí rẹ ṣì ń gbọ́, yóò máa sọ̀rọ̀ sí ọ: pé èéfín sìgá ti di ohun ìríra fún ọ, pé ara rẹ ti di ti ẹni tí kò mu sìgá rí. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ìlú Paris láyé àtijọ́, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Mesmer ń ṣe ohun tí ó jọ ọ́, ó sì ní agbára kan wà tí ń ti ara òun wọ inú aláìsàn. Ní ọdún 1784, ọba ilẹ̀ Faransé yan ìgbìmọ̀ láti wádìí rẹ̀, Benjamin Franklin ará Amẹ́ríkà sì wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé agbára náà kò sí, pé èrò ọkàn aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́. Ní 1843, James Braid, dókítà ará Scotland, kọ ìwé lórí rẹ̀, ó yọ ti agbára àràmàǹdà kúrò, ó sì pè é ní hypnotism.

Àwọn kan ti bi mí bóyá iṣẹ́ òkùnkùn ni, tàbí bóyá ó jọ ọfọ̀ àti àyájọ́ tí àwọn baba wa ń pè. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí pípe àlùjànnú, tí kò sí ẹbọ, tí kò sí èèdì, ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán ni, ọ̀rọ̀ ìtùnú kì í sì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀, tí ó ní kí o mú adìyẹ àti aṣọ funfun wá pẹ̀lú owó, sá fún un. Ohun tí mo ní lòdì sí ìwòsàn yìí kì í ṣe ti èèwọ̀, ti òṣùwọ̀n ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kòkó, ẹ kì í wo bí àpò ti wú tó kí ẹ tó sanwó. Ẹ ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ ó wò ó bóyá ó gbẹ, ẹ ó sì gbé e lé òṣùwọ̀n. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan wà tí ń jẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó gbogbo ìwádìí lórí ìwòsàn kan jọ kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 2019 wọ́n wọn ìwòsàn afọ̀rọ̀tunilára fún sìgá. Ìwádìí 14 ni wọ́n rí, tí àwọn ènìyàn inú wọn jẹ́ 1,926. Àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ni pé ẹ̀rí kò tó láti sọ pé ó sàn ju ìmọ̀ràn lásán tàbí ọ̀nà mìíràn lọ. Ní oṣù keje ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde lórí bí a ó ṣe wo àgbàlagbà tí ó fẹ́ jáwọ́ nínú tábà. Wọ́n dárúkọ oògùn mẹ́rin àti ìmọ̀ràn. Ní ti ìwòsàn ìbílẹ̀ àti irú àwọn ìwòsàn àfikún bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí kò tíì tó láti ṣe ìdájọ́.

Ẹ kíyèsí i pé wọn kò sọ pé kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní a kò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta á fún yín kò sọ pé òun kò mọ̀. Ó ní ó dájú, ó sì ń gba owó ìdánilójú lórí ohun tí kò dájú. Níbẹ̀ ni èmi àti òun ti yà.

Ó lè sọ pé, “Wo lágbájá, ọ̀dọ̀ mi ni ó wá, kò sì mu sìgá mọ́.” Ọkùnrin ará Ìlú Òyìnbó kan wà tí ń jẹ́ Allen Carr, tí ń mu tó ọgọ́rùn-ún sìgá lójúmọ́. Ní oṣù keje ọdún 1983 ó lọ sọ́dọ̀ oníwòsàn afọ̀rọ̀tunilára, ọjọ́ náà gan-an ni ó sì jáwọ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn náà pé kì í ṣe ìwòsàn yẹn ni ó mú òun jáwọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti pinnu lè gba ibikíbi kọjá kí ó sì jáwọ́. Ẹni tí ó jáwọ́ ni yóò sì padà wá jẹ́rìí. Àwọn tí wọ́n sanwó tí wọ́n tún padà sídìí sìgá yóò dákẹ́ sílé wọn.

Ọgbọ́n kejì tí olùtajà náà ń lò dùn mọ́ni létí, nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Yóò ní, “Èló ni o ń ná lórí sìgá lọ́dún? Owó tí mo ń gbà kò tó ìdajì rẹ̀.” Ìṣirò náà tọ̀nà. Ká ní ẹyọ sìgá kan jẹ́ 100 náírà, tí ènìyàn sì ń mu mẹ́wàá lójúmọ́. 1,000 náírà ni lójúmọ́, 30,000 náírà ni ní ọgbọ̀n ọjọ́, 365,000 náírà sì ni lọ́dún. Bí olùtajà bá gba 100,000 náírà, ó dà bí ẹni pé èrè ni. Ṣùgbọ́n ó di èrè kìkì bí o bá jáwọ́ ní tòótọ́. Bí o kò bá jáwọ́, o ti san 100,000, o sì tún ń ra sìgá lọ. Gbèsè méjì ni. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe sìgá ni ó yẹ kí a fi owó rẹ̀ wé. Àwọn ọ̀nà ìjáwọ́ yòókù ni. Ẹni tí ń ta ẹṣin kò gbọdọ̀ sọ fún wa pé ẹṣin òun pọ̀ ní iye nítorí pé ó yá ju ẹsẹ̀ lọ, nígbà tí kẹ̀kẹ́ àti mọ́tò wà níwájú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àwọn ọ̀nà yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni kí ènìyàn jáwọ́ fúnra rẹ̀. Kò ná an ní kọ́bọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi ara pamọ́: nínú ọgọ́rùn-ún tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ kankan, bíi mẹ́ta sí márùn-ún ni a máa ń bá tí wọn kò tíì padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Èyí kò fi hàn pé wọn kì í ṣe ọkùnrin. Nicotine tí ó wà nínú tábà ni ó di ọpọlọ mú. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni ìdajì rẹ̀ fi ń jáde nínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó máa ń le jù. Orí á máa fọ́ni, inú á máa bíni, oorun kò ní í dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ á rọlẹ̀.

Níbí ni àwa Mùsùlùmí ní ohun kan tí owó kò lè rà. Amusìgá tí ó bá gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì ní ilẹ̀ wa ń lo bíi wákàtí mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá láìfi sìgá kan ẹnu, jálẹ̀ oṣù náà. Ara rẹ̀ ti fún un ní ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe. Ohun tí ó ń bà á jẹ́ ni pé bí ó bá ti fi omi ṣínu tán, sìgá ni ó tẹ̀ lé e. Bí ó bá lè fa ọjọ́ náà gùn dé àkókò oorun, kí ó sì gba ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ó ti rékọjá òkè tí ó ga jù.

Ẹ̀kejì ni ohun tí a ń jẹ sẹ́nu: orógbó, obì, pákò. Owó wọn kò tó nǹkan. Èmi kò mọ ìwádìí tí ó sọ pé orógbó ń wo ẹni tí sìgá ti di bárakú fún sàn, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó ní ohun tí ó ń jẹ kò ní í tètè wá sìgá. Ẹ fi ṣe àtìlẹ́yìn, ẹ má fi ṣe òpó ilé. Ẹ sì má ṣe ti inú sìgá bọ́ sínú áásà tàbí shisha kí ẹ wá ní ẹ ti jáwọ́. Tábà kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀ràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà ọdún 2024 náà pé kí dókítà àti nọ́ọ̀sì máa fún ẹnikẹ́ni tí ó ń lo tábà ní ìmọ̀ràn ṣókí, èyí tí kò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nígbàkúùgbà tí ó bá wá sí ilé ìwòsàn. Ènìyàn díẹ̀ ni yóò jáwọ́ nítorí ìyẹn nìkan, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti tẹlifóònù. Ní Ìlú Òyìnbó, wọ́n dán an wò lára amusìgá 5,800, àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2011. Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìyànjú ránṣẹ́ sí àwọn kan lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ń gba ìyànjú, ó lé ní mẹ́wàá tí wọ́n ti jáwọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn yòókù, kò pé márùn-ún. Wọ́n sì yẹ ara wọn wò, wọn kò kàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gbọ́.

Ẹ̀kẹrin ni oògùn. Ṣíńgọ́ọ̀mù wà tí a fi nicotine díẹ̀ sí, èyí tí a ń jẹ dípò sìgá títí ara yóò fi yọ ọ́ dànù díẹ̀díẹ̀. Abulẹ̀ wà pẹ̀lú tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Oògùn oníhóró méjì wà tí ń jẹ́ varenicline àti bupropion, tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ fúnni. Òmíràn sì ni cytisine, tí a rí láti ara èso igi kan, tí wọ́n sì ti ń tà ní Bulgaria láti ọdún 1964. Ọjọ́ 25 péré ni a fi ń lò ó. Ní ìlú Warsaw ní ilẹ̀ Poland, wọ́n fún ìdajì àwọn ènìyàn 740 ní cytisine, wọ́n sì fún ìdajì kejì ní hóró tí kò sí oògùn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú ọgọ́rùn-ún tí ó lo oògùn náà bíi mẹ́jọ kò padà sídìí sìgá, nínú ọgọ́rùn-ún tí kò lò ó bíi méjì.

Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ Cochrane tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kó gbogbo ìwádìí oògùn jọ, ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ gbọ́ bí ó ti rí. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò lo oògùn kankan, bíi mẹ́fà ni ó jáwọ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó lo ṣíńgọ́ọ̀mù tàbí abulẹ̀ nìkan, bíi mẹ́sàn-án. Nínú àwọn tí ó lo méjèèjì pọ̀, bíi méjìlá. Nínú àwọn tí ó lo varenicline tàbí cytisine, bíi mẹ́rìnlá.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bá mi fi ọwọ́ kan ìṣirò yìí. Ká ní ọgọ́rùn-ún ọkùnrin san 100,000 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan fún oògùn varenicline. Mílíọ̀nù 10 náírà ni. Mẹ́rìnlá jáwọ́, ṣùgbọ́n mẹ́fà nínú wọn ni ì bá ti jáwọ́ láìsí oògùn. Ènìyàn mẹ́jọ ni owó náà rà. Bí a bá pín in, 1,250,000 náírà ni lórí ẹni kan. Ká ní owó kan náà ni wọ́n ná sórí ṣíńgọ́ọ̀mù. Ènìyàn mẹ́ta ni ó rà, ó sì lé ní mílíọ̀nù 3 náírà lórí ẹni kan. Wàyí, ẹ jẹ́ kí a lo tẹlifóònù. Ìyànjú tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan títí dé òpin jẹ́ 253. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà mẹ́fà, 1,518 náírà ni. Fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, 151,800 náírà. Ó ra bí ènìyàn mẹ́fà ní àrà ọ̀tọ̀: bíi 25,300 náírà lórí ẹni kan.

Kí a wá ṣe ti ìwòsàn afọ̀rọ̀tunilára. Mílíọ̀nù 10 náírà náà ni. Ènìyàn mélòó ni a ó fi pín in? Kò sí ẹni tí ó lè dárúkọ rẹ̀. Owó tí a kò mọ ohun tí a ó fi pín in, a kò lè pè é ní olówó pọ́ọ́kú, bí ó ti wù kí ó kéré tó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ọmọ tàbí àbúrò ní London, àwọn náà sì ń pe ilé láti sọ pé ìwòsàn yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ń san owó rẹ̀. Àpò ara ẹni ni ó sábà máa ń wá. Ìmọ̀ràn ìjáwọ́ nínú sìgá tí ìjọba ibẹ̀ ń pèsè, ọ̀fẹ́ ni. Ìjọba tí ó fẹ́ dín owó ìwòsàn jẹjẹrẹ kù lọ́jọ́ iwájú ti yan ibi tí yóò kó owó rẹ̀ sí.

Èyí ni ó mú mi kan ìjọba tiwa. Ẹni tí ó ń mu sìgá mẹ́wàá lójúmọ́ ń mu 3,650 lọ́dún. Ní ìwọ̀n owó-orí ọdún 2024, náírà 5 àti kọ́bọ̀ 20 lórí ẹyọ kan, 18,980 náírà ni ìjọba rí lórí ẹnì kan ṣoṣo náà, láìtíì ka ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà kéde pé ilé-iṣẹ́ British American Tobacco, tí ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá sí Ìbàdàn, yóò san ìtanràn mílíọ̀nù 110 dọ́là. Òfin ọdún 2015 náà sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìgbéjàko tábà. Owó ń ti ìdí sìgá wọlé. Ó yẹ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ padà di oògùn ní ilé ìwòsàn kéékèèké tí ó wà ní Ìpògún, ní Ìlárá-Mọ̀kín àti ní Ìgbàrà-Òkè. Ẹ lọ sí èyí tí ó sún mọ́ yín, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé, “Kí ni ẹ ní fún ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ẹ gbé ìbéèrè náà lọ bá aṣojú yín. Ẹ bi ètò ìdójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó pẹ̀lú bóyá ìwòsàn yìí wà nínú ohun tí wọ́n ń san owó fún.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwa tí ń dúró níwájú ìjọ. Kí ni ó dé tí ọkùnrin tí ó ní ilé ìwòsàn ní Akúrẹ́ àti ní Oǹdó fi ń gbèrò láti yá owó lọ bá àjèjì nínú yàrá kọ́lọ́fín? Ìtìjú ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ní mọ́ṣáláṣí pé sìgá ń dààmú òun, àwọn kan yóò yẹra fún òun nínú sááfù, oníwàásù kan lè fi òun ṣe àpẹẹrẹ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Nítorí náà ni ó fi ń ra ìdákẹ́jẹ́. Apá tí ó pọ̀ nínú owó tí olùtajà ń gbà, owó àṣírí ni, àwa ni a sì gbé e ga.

Ẹ rántí pé àwọn onímọ̀ gan-an ti jiyàn lórí tábà rí. Ní nǹkan bí ọdún 1607, Ahmad Baba ti Timbuktu kọ̀wé lórí rẹ̀, èrò rẹ̀ sì ni pé kì í ṣe hàrámù. Nígbà náà, a kò tíì mọ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ní 1995 ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ní Malaysia pè é ní hàrámù, ní 2000 ni Mufti àgbà ilẹ̀ Egypt sọ bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ nípa ewu rẹ̀ ni ó yí ìdájọ́ padà. Tábà ń pa ju mílíọ̀nù 7 ènìyàn lọ lọ́dún káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ lórí ohun kan yàtọ̀ sí ìkà sí ẹni tí ó ti há sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bọ́ sínú kòtò, okùn ni a ń jù sí i, a kì í jù ú lókùúta.

Ohun tí mo dá lábàá nìyí. Kí mọ́ṣáláṣí kọ̀ọ̀kan yan àgbàlagbà méjì tí ẹnu wọn mọ́, tí amusìgá lè lọ bá ní ìkọ̀kọ̀. Bí ó bá ti dárúkọ ọjọ́ tí yóò jáwọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ìyànjú ránṣẹ́ sí i lórí fóònù láàárọ̀ àti lálẹ́, kí wọ́n sì pè é ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Bí ó bá ṣubú, kí wọ́n tún dá ọjọ́ mìíràn, láìsí èébú. Ẹni tí tirẹ̀ bá le, tí ó ń wá sìgá kí ó tó dìde lórí ẹní, kí wọ́n bá a lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá ti UNIMED ní Akúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, kí ó béèrè nípa oògùn tí mo dárúkọ. Kí wọ́n má ra oògùn lórí ọkọ̀ elérò. Kí wọ́n wo nọ́ḿbà NAFDAC lára páálí. Bí owó bá sì ṣòro, owó sàráà wà fún irú èyí.

Bí ẹnì kan bá ti gbìyànjú gbogbo èyí, tí ó ní owó tí kì í ṣe owó oúnjẹ ọmọ tàbí owó ìdókòwò, tí ó sì fẹ́ dán ìwòsàn afọ̀rọ̀tunilára wò, èmi kò ní dí i lọ́nà. Kí ó kàn béèrè ohun mẹ́rin kí ó tó ṣí àpò: Níbo ni o ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Nínú ọgọ́rùn-ún tí ó wá lọ́dún tó kọjá, mélòó ni kò tíì mu sìgá títí di òní, ta ni ó sì kà wọ́n? Ìjókòó mélòó ni owó yìí wà fún? Bí mo bá tún padà sídìí sìgá kí oṣù mẹ́fà tó pé, kí ni n ó gbà padà? Ẹni tí ó bá bínú sí ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí, ẹ ti mọ ohun tí ó ń tà.

Kí Ọlọ́run Ọba fún àwọn tí ń tiraka láti jáwọ́ ní agbára, kí Ó sì fún àwa tí a yí wọn ká ní àánú. Kí Ó bùkún ọjà yín, kí Ó má jẹ́ kí èéfín gbé èrè yín lọ. Àmín.